Àyè Tútù Kan Ṣoṣo

Ìbíwùmí tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ àmù, ó gbé ọmọ lé e, ó sì tẹjú mọ́ ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ìkókó náà. Ẹ̀gbà kọ́kọ́ tàn ní àwọ̀ ewé. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti fẹ́ jókòó, ó ti fẹ́ na ẹsẹ̀ tó wú láti ọjọ́ ìrọbí, kó tó rí i pé àwọ̀ ewé yẹn ti ń ṣá, ó ti ń di àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Ó gbé ọmọ, ó ká ẹní kúrò nílẹ̀.

"Ibí yìí náà kọ̀," ló sọ fún ara rẹ̀.

Láti ìgbà tí oòrùn ti yọ ló ti ń gbé ọmọ náà yí ilé ká. Yàrá tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń sùn kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ògiri rẹ̀ kì í sì í tutù títí ọjà alẹ́ á fi tú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní afẹ́fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹnu ààrò jáde ni. Ìdí àmù ló ti fi ọkàn tẹ̀, nítorí pé omi máa ń sun lára ìkòkò náà sílẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń tutù díẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ẹ̀gbà kò mọ ojúsàájú. Bó bá ti pọ́n bí ata, a jẹ́ pé ara ọmọ ti gbóná kọjá ohun tí ọmọ lè rù, kò sì sí abiyamọ kan ní Òkè-Ìbòòji tí kò mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Ìdí àmù náà ni ìyá ilé kejì tẹ́ ọmọ tirẹ̀ sí ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá. Ọmọ náà sùn lọ́sàn-án, kò sì jí nírọ̀lẹ́.

Lóde, àwọn èèyàn ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, wọ́n ń sáré kí oòrùn tó mú.

"Ó dìrọ̀lẹ́ o!"

"Ó dìrọ̀lẹ́! Ọlọ́run á jí wa ire."

Fèrèsé ń pa dé gbà, gbà, gbà, láti ojúlé dé ojúlé. Láìpẹ́, kò ní sí ẹyẹ pàápàá lójú ọ̀run. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìgbà kan wà tí ọ̀sán jẹ́ ti iṣẹ́, tí àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ oòrùn fún ìgbádùn ara wọn. Ìbíwùmí kì í jiyàn, ṣùgbọ́n kò gbà wọ́n gbọ́.

"Ìyá Ìkókó," ohùn kan sọ láti inú ògiri pálọ̀, "oòrùn ti ń gòkè. Ẹ kò tíì sọ ibi tí ọmọ yóò máa sùn."

Ìyá Ògiri ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀rọ náà. Kò ju ojú gíláàsì kékeré kan lọ, wọ́n rì í mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè tútù. Àwọn tó kọ́ ọ lédè kọ́ ọ ní ìwà ọmọlúàbí pẹ̀lú: ẹ̀yin ló fi ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀, títí kan àwọn tó ń ṣépè fún un.

"Mo ti sọ ọ́ láàárọ̀," ni Ìbíwùmí dáhùn. "Mo ní kí ọmọ wọlé síbẹ̀."

"Ẹnìkan ṣoṣo ni àyè wà fún nínú ilé kan. Ẹ pe orúkọ ẹni tí yóò kúrò."

Ìbíwùmí bojú wẹ̀yìn. Nínú àyè tútù, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn gíláàsì, ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kékeré tó gba gbogbo inú ibẹ̀ tán, ó ń ṣa ẹ̀wà tí wọn yóò sè níbi ìkómọ lọ́la. Páìpù tó ń gbé òtútù wá láti inú amúlétutù ìlú ń mí sókè orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ìyá ọkọ mi," ni Ìbíwùmí rọra sọ.

"N kò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ Ìyá Ọkọ Mi nínú ilé yìí."

"Màámi."

"N kò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ Màámi nínú ilé yìí."

"Ìyá tó bí bàbá ọmọ tí mo gbé dání yìí!"

"Ó dára. Ẹ pe orúkọ bàbá ọmọ."

Ìyẹn náà kò ṣeé ṣe.

Àlejò lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Òkun ti gba ìdajì Èkó, ooru ti lé gbogbo wa jáde nínú ọ̀sán bọ́ sínú òru, ẹ̀rọ ti ń ka èémí wa fún wa, síbẹ̀ ìyàwó ilé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ. Àbúrò ọkọ Ìbíwùmí tí kò tíì hu irùngbọ̀n, Adúmáadán ló ń pè é. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, Olówó-orí-mi ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti di Bàbá Ìkókó láti ọjọ́ tí ọmọ ti dé. Ìyá ọkọ ńkọ́? Bí Ìbíwùmí bá tilẹ̀ gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ẹlòmíràn, ilẹ̀ ló máa ń wò. Kò sí ẹni tó ń fi pàṣán lé e. Ẹnu kàn kì í gbà á ni.

Àwọn tó ṣe òfin náà kò ní i lọ́kàn láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ kan ń yọ àgbà kúrò ní àyè tútù níkọ̀kọ̀, àgbà á jí, á bá ara rẹ̀ nínú ooru. Ni wọ́n bá ní kí ìyá ọmọ tuntun fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ẹni tí yóò kúrò, ní etígbọ̀ọ́ onítọ̀hún, kí onítọ̀hún náà sì dáhùn pé òun gbọ́. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe é kí ìkómọ tó kọjá, ohun tí wọ́n bá sì sọ kò tún ní í yí padà títí òjò yóò fi rọ̀. Orúkọ lásán, wọ́n rò pé ohun kékeré ni. Ó dà bíi pé kò sí ìyàwó ilé kankan níbi tí wọ́n ti jókòó ṣe òfin ọ̀hún.

Ìlẹ̀kùn ìta ṣí, ooru sì bá Ọláyíwọlá wọlé. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ ni ọkọ Ìbíwùmí ń tún ṣe lálaalẹ́, amọ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn lára dé orúnkún. Ó kí ìyá rẹ̀ láti ìta gíláàsì, ó wá bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọmọ.

"Ó ti pọ́n?"

"Ó ti ń pọ́n. Ẹ bá Màámi sọ̀rọ̀."

"Kí n sọ pé kí ni, Ìbíwùmí? Kí n sọ fún ìyá tó bí mi pé kó dìde fún ọmọ tí mo bí?"

"Ẹ sọ nǹkan kan ṣá."

Ó jókòó sílẹ̀, ó ń họ amọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀. "Mo ti dán an wò lánàá, nígbà tí o sùn. Mo pe orúkọ wọn fún ẹ̀rọ yìí. Ó ní ohùn ìyá ọmọ nìkan ni òun ń gbà." Ó mí kanlẹ̀. "Gbọ̀ngàn Àgbà ò kúkú burú. Abẹ́ òkè ló wà, ó tutù, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ."

"Ta ló ti ibẹ̀ jáde wá sọ fún yín?"

"Bí òjò bá rọ̀, wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn."

"Ìyá ọ̀gá yín ńkọ́? Òjò ti rọ̀, ó ti tún dá, mi ò rí i kí wọ́n jáde."

Ọláyíwọlá ń họ amọ̀ lọ. Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni. Wọn kì í ṣílẹ̀kùn Gbọ̀ngàn Àgbà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kí ooru má baà wọlé, ẹni tó bá sì wọ ibẹ̀, ó di ìgbà òjò kí ẹbí rẹ̀ tó tún fojú kàn án, bí ó bá ṣì wà. Ṣùgbọ́n Màámi kò lè gbé inú pálọ̀ náà. Ní ọjọ́ tí páìpù bẹ́ lọ́dún tó kọjá, ọ̀sán kan ṣoṣo ló lò nínú ooru tí ọkàn rẹ̀ fi dákú, dókítà sì sọ fún wọn pé kò ní í là á já lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ti wá ọgbọ́n ká gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bímọ, Màámi gbé ìkókó lé ẹsẹ̀, ó ní kí àwọn méjèèjì jọ máa gbé inú àyè tútù. Ọmọ tuntun a máa mí yára ju àgbà lọ. Ìyá Ògiri ka èémí náà, ó ní ó ti pọ̀ jù, ó ti páìpù pa títí wọ́n fi gbé ọmọ jáde. Màámi fi ọwọ́ di àyà mú, tọkọtaya ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ọmọ ń ké.

"Ohun tí o bá ṣe, mo fara mọ́ ọn," ni Ọláyíwọlá sọ níkẹyìn.

Inú bí Ìbíwùmí débi pé ohùn rẹ̀ lọ sókè. "Ohun tí ẹ rí fún mi nìyẹn? Bí mo bá pè é, èmi ni mo lé ìyá yín jáde. Bí mi ò bá pè é, èmi ni mo pa ọmọ yín. Ẹ̀yin á wà láàárín, ọwọ́ yín á mọ́."

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọláyíwọlá dìde, ó rẹ aṣọ sínú omi, ó fi bora, ó lọ dùbúlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bóyá ó sùn, bóyá kò sùn, kò sí ẹni tó lè sọ.

Ìbíwùmí fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ títí apá fi ń ro ó. Ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ó ká a. Ó tẹ́ ẹ sábẹ́ tábìlì, níbi tí òjìji ti pọ̀ jù. Ọmọ náà kò tilẹ̀ ké mọ́, ó kàn ń la ẹnu, ó ń pa á dé, ìyẹn sì bà á lẹ́rù ju ẹkún lọ. Ó gbé e sókè, ó tún yí padà sí ìdí àmù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìka kan kan gíláàsì, kò, kò.

"Ìyàwó wa, wá."

Ó sún mọ́ ìlẹ̀kùn. Màámi ti gbé àtẹ ẹ̀wà sápá kan.

"Kí lò ń yí ilé ká fún bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin?"

"Mò ń wá ibi tó tutù, Màámi."

"Ibi tó tutù ni mo jókòó sí yìí. Ẹ̀gbà yẹn, báwo ló ṣe rí?"

"Ó pọ́n díẹ̀, mà."

"Gbé e sókè kí n rí i."

Ìbíwùmí gbé ẹsẹ̀ ọmọ sún mọ́ gíláàsì. Màámi wò ó pẹ́.

"Èyí lo pè ní díẹ̀," ló sọ. Lẹ́yìn náà ló wá yí ohùn padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́ bí o ṣe ń bá ẹ̀rọ yìí fa ọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ mi. Màámi. Ìyá tó bí bàbá ọmọ tí mo gbé dání. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rín pa mí, mo ní kí n má jẹ́ kó o rí mi ni."

"Màámi, ẹ má bínú. Ẹnu mi ò gbà á."

"Ẹnu tó ń jẹ ata rodo tí èmi ń sè, kò sí ohun tí kò gbà. Má purọ́ mọ́ ẹnu. Kí ló dé gan-an?"

Ìbíwùmí fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan. Ó fẹ́ sọ nǹkan nípa àṣà, nípa bí wọ́n ṣe tọ́ òun nílé. Ó wo ojú obìnrin náà, ojú tí kò le, tó kàn ń dúró dè é, òtítọ́ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí pé inú mi á dùn."

Màámi mi orí, ó ní kó máa bá a lọ.

"Láti ìgbà tí oyún ti hàn lára mi ni mo ti ń wo bẹ́ẹ̀dì yín. Bí mo bá ń gbálẹ̀, mò ń fi ojú wọn fífẹ̀ rẹ̀. Mò ń wo apá ibi tí ọmọ máa kọ orí sí. Ẹ̀yin wà lórí rẹ̀, ẹ ń rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Bí mo bá pe orúkọ yín, Màámi, kì í ṣe òfin ló máa pè yín. Èmi ni. Ọkàn mi ti pè yín tipẹ́." Omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń kán sórí aṣọ ọmọ.

"Gíláàsì ni ìlẹ̀kùn yìí, ìyàwó wa," ni Màámi sọ. "Ṣé o rò pé ìwọ nìkan ló ń ríran gbà á kọjá?"

"Ẹ ti mọ̀?"

"Aláboyún tí kò bá wo ibùsùn mi nínú ooru yìí, ojú ló ń dùn ún. Mo rí ọ. Inú bí mi díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Lẹ́yìn náà, inú mi dùn, torí mo mọ̀ pé ọmọ tó ń bọ̀ ti rí ẹni tó máa jà fún un."

"Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu, Màámi. Ẹnìkan ò sọ pé kí ọmọ wá gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé kí n fi òwe bá ọ jà títí ọmọ á fi jóná ni?" Ó fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ lọ o. Má rò pé mo fẹ́ lọ. Mo fẹ́ wẹ ọmọ yìí, mo fẹ́ na apá rẹ̀, na ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fẹ́ rí i kó rá. Ṣùgbọ́n kí èmi dùbúlẹ̀ nínú òtútù, kí ọmọ ọmọ mi máa la ẹnu lẹ́yìn gíláàsì, oorun wo ni mo fẹ́ sùn? Pè mí, Ìbíwùmí."

Kò sí ìgbà kan tí Màámi tíì pe Ìbíwùmí náà lórúkọ. Ìyàwó wa ló máa ń pè é. Ó mú kí orí rẹ̀ wú.

"Nígbà wo lo rò pé ẹnìkan pe orúkọ mi gbẹ̀yìn?" ni Màámi bi í.

"Mi ò mọ̀, mà."

"Èmi náà ò mọ̀. Ìyá mi máa ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń pè é, ó bá omi Èkó lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ tán. Màámi ni ọkọ rẹ ń pè mí. Ìyá Ọláyíwọlá ni àdúgbò ń pè mí. Ẹ̀rọ yìí ń pè mí ní Ẹni Àyè, àfi bí ẹni pé àga ni mí. Ọkọ rẹ ní òun pe orúkọ mi lánàá, ó kúkú rọra pè é ni kí n má baà gbọ́. Ibi tí mò ń lọ, Màámà ni gbogbo wa níbẹ̀, bí a ṣe pọ̀ tó. Bó o bá fẹ́ ṣe mí lóore, pè mí kí n tó lọ. Má sì pè mí bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu. Pè mí bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn."

Ìbíwùmí kúnlẹ̀. Ara rẹ̀ kò tíì sàn láti kúnlẹ̀, ó sì dùn ún, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lápá, ó dojú kọ gíláàsì, kò kọjú sí ògiri.

"Ṣíjúadé," ló sọ.

Ó kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ìta ètè rẹ̀. Ìyá Ògiri gbọ́ ọ.

"Orúkọ ti dé. Ẹni Àyè, ṣé ẹ gbọ́?"

Màámi di ojú.

"Ẹni Àyè, ṣé ẹ gbọ́?"

"Dákẹ́, ìwọ," ni Màámi sọ fún ògiri. "Kì í ṣe ìwọ ló pè mí." Kò la ojú. "Tún un pè, ọmọ mi. Ó gùn jùyẹn lọ."

"Ṣíjúadé Àníkẹ́, ọmọ Ládèjọbí."

"Ẹni Àyè," ni Ìyá Ògiri tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò dá a lóhùn. Màámi na ọwọ́ méjèèjì sí gíláàsì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn. Ó ní kó tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn Ìbíwùmí jáde. Kò wá ọ̀rọ̀ kankan, ọ̀rọ̀ ń wá fúnra rẹ̀. "Ṣíjúadé Àníkẹ́, ọmọ Ládèjọbí! Ẹ̀yin tí ẹ gbẹ̀bí ọmọ mi nígbà tí oògùn ìrora kò sí, tí ẹ ní kí n di apá yín mú títí àmì èékánná mi fi wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ mú mi wọ ilé yìí, tí ẹ fi omi tútù díẹ̀ tó kù fún yín láti mu wẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ṣíjúadé Àníkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún ọmọ yín."

"Ẹ̀ẹ́n!" ni Màámi jẹ́.

Bí ọmọdébìnrin tí ìyá rẹ̀ pè láti ẹ̀yìnkùlé ló ṣe jẹ́ ẹ, ó le, ó yá, kò sì sí àárẹ̀ kankan nínú ohùn náà. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Lẹ́yìn tó ti nu ojú, ó yíjú sí ògiri, ó sọ ohun tí òfin ń fẹ́.

"Mo gbọ́."

"Ó ti wọlé," ni Ìyá Ògiri sọ. "Àyè ti di ti ọmọ tuntun títí òjò yóò fi rọ̀. Ọkọ̀ Gbọ̀ngàn Àgbà ń bọ̀. Ẹ ṣeun."

Ìlẹ̀kùn gíláàsì ṣí. Màámi gbé àtẹ ẹ̀wà jáde, ó gbé e fún Ìbíwùmí, ó sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ wọlé, ó tẹ́ ọmọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ orí rẹ̀ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ kì í ti fẹ́ lu ojú tààrà. Òun nìkan ló mọ apá ibẹ̀, òun ló ti sùn níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Wọ́n jọ ń wo ẹ̀gbà. Ó pẹ́. Pípọ́n inú rẹ̀ ń ṣá, ó di àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì di àwọ̀ ewé, ó dúró síbẹ̀. Ọmọ náà pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Inú Ìbíwùmí dùn. Bó ṣe bẹ̀rù náà ló rí, inú rẹ̀ dùn gan-an, kò sì kú ikú ìtìjú. Ìbànújẹ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lé e kúrò.

Òógùn ti bo iwájú orí Màámi. Ọláyíwọlá dúró lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ tútù wà léjìká rẹ̀. Ó ti gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀, ó ti gbọ́ orúkọ náà, kò sì mọ ibi tó máa fi ojú sí. Ó mú aṣọ náà, ó fi bo ìyá rẹ̀ léjìká, ó mú un jókòó sí ìdí àmù, ó ń bu omi sí i lórí díẹ̀díẹ̀.

"Màámi," ló sọ.

"Máa bu omi," ni ìyá rẹ̀ sọ. "Ọ̀rọ̀ ò pọ̀."

Ọkọ̀ Gbọ̀ngàn kì í pẹ́ dé, oòrùn kò jẹ́ kó pẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń kùn lójú títì tí kò sí ẹ̀dá kan mọ́, ẹnìkan sì kanlẹ̀kùn. Ìbíwùmí ló lọ ṣí i. Ọkùnrin kan dúró níta, ó fi aṣọ funfun bo orí àti ojú, àga tó ní kẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kánjú, ooru ń jó o lẹ́sẹ̀.

"Ẹ kú ooru o. Màámà dà?"

"Wọ́n ní orúkọ," ni Ìbíwùmí sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, Màámà là ń pe gbogbo wọn. Wọ́n pọ̀ lọ́hùn-ún."

"Mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀. Ṣíjúadé Àníkẹ́ ni tiwa, ọmọ Ládèjọbí."

"Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n wọlé, oòrùn yìí ń pa mí."

Ìbíwùmí di férémù ìlẹ̀kùn mú ní ọ̀tún àti ní òsì. Oòrùn ń ta á lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ro ó, kò yà fún un. Kò bínú sí ọkùnrin náà rárá. Ó kàn dúró níbẹ̀, títí ọkùnrin náà fi ṣí aṣọ kúrò lẹ́nu, tó fi pe orúkọ náà délẹ̀délẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn, tí Màámi sì jẹ́ ẹ láti ìdí àmù.